Àwọ̀n Orí Ewé Kókò

Ìyá Adétóún fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì yí i ká.

"Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá mi lóhùn. Bí mo bá rán Mọ́rẹ́nikẹ́ ní iṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo sọ gan-an ló dé ọ̀dọ̀ òun?"

"Ó máa bi mí!" ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí.

"Bí o bá ti gbàgbé ńkọ́?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ sún mọ́ ìyá àgbà.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn jẹ́jẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Ní ìgbà kan rí, ibà mú ọmọ Àwẹ̀ró. Ìyá Eléwé ní òdìkejì odò ló mọ egbòogi rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rìn mọ́. Ó di ewé fún Ọ̀kẹ́rẹ́ láti gbé lọ fún Àwẹ̀ró, ó ní: "Sọ pé: 'Sè é. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́.'"

Ewé náà le o. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pa ọmọdé.

Ìyá Eléwé wá pe Alántakùn tó ń gbé ní àjà ilé rẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀ fún Alántakùn, ìbáà gùn, ìbáà kúrú, àwọ̀n tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló máa hun. Ọ̀rọ̀ kan náà, àwọ̀n kan náà, ní ilé yòówù. Yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà, gbogbo àwọ̀n náà yí padà. Kò sì sí ẹni tó lè wo àwọ̀n kó mọ ohun tí a sọ.

Ó hun ọ̀rọ̀ Ìyá Eléwé sórí ewé kókò. Àdàbà ló gbé e fò lọ bá Àwẹ̀ró.

"Kí ló dé tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kò gbé méjèèjì?" ni ọmọ kan béèrè.

"Ẹni tó lè yí ọ̀rọ̀ padà lọ́nà, ṣé kò lè pààrọ̀ àwọ̀n?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ sè é. Ṣíbí mẹ́ta láàárọ̀, ṣíbí mẹ́ta lálẹ́."

"Yéè!" ni àwọn ọmọ ké.

Àwẹ̀ró kò gbé ìkòkò kaná. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Alántakùn ilé tirẹ̀. Ẹ bá mi gbè é: Alántakùn, hun ún wò!

"Hun ún wò!"

Àwọ̀n náà kò jọ ti orí ewé kókò rárá.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, kí lo fi kún un?"

"Háà, ìkíni lásán ni! Ṣé kí n wọlé tọ̀ yín kí n kàn máa pe ṣíbí, bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé?"

Ọmọ ń kérora. "Ìkíni ló fà á," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ẹ tètè sè é!"

Ẹlòmíì ìbá gbà. Àwẹ̀ró ní, "Yọ ìkíni kúrò, ká tún un wò." Alántakùn, hun ún wò!

"Hun ún wò!"

Síbẹ̀, kò bá a mu.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù bojú. "Ṣíbí kan ni wọ́n sọ. Àánú ọmọ ló ṣe mí. Mo rò pé ẹyọ kan kéré."

Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán an. Alántakùn hun ún. Okùn bá okùn mu, kókó bá kókó mu. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró dáná. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ń béèrè àkàrà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ṣe ìkà, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún yín nítorí pé ẹni tó jẹ́ ẹ ṣeé fẹ́ràn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibí ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi kún un, kí Alántakùn tú mi fó."

"Ìyá àgbà," ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí, "fáìlì tí mo fẹ́ gbà sórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ṣe é kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ kan sójú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé àwọ̀n nìyẹn?"

"Àwọ̀n ni. Bí fáìlì náà bá dé, ní kí kọ̀ǹpútà rẹ hun tirẹ̀. Fi méjèèjì wéra, láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn."

"Bí wọn kò bá bára mu ńkọ́?"

"Kí ni Àwẹ̀ró ṣe?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kò gbé ìkòkò kaná. Èmi náà kò ní ṣí fáìlì náà."

"Ó yá, lọ dán an wò."