Ẹni Tó Di Okùn Mú Lókè Kànga

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ìlú olókùúta kan, kànga gbígbẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn méjì ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Láníyọnu, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a dúró lókè, a máa fi okùn fa garawa erùpẹ̀ jáde.

Ní ọdún kan, ọ̀dá mú, omi wọ́n, iṣẹ́ wá ń rọ́ wọlé. Wọ́n gbẹ́ kànga méjì tán láìsinmi, wọ́n bọ́ sí ẹ̀kẹta ní ilé ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì tà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkàndínlógún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, kànga náà ti jìn tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Láti àárọ̀ ni ara ọkùnrin yìí ti ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì dá a lóhùn. Ó da erùpẹ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láníyọnu pè é láti ìsàlẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó gbọ́. Ó ta kókó okùn, ó tú u, ó tún un ta, kò sì mọ ìdí tí òun fi tú u. Lójú tirẹ̀, oòrùn ni. Ó bu omi sójú, ó ní kí òun ṣáà fa mẹ́wàá sí i.

Òkúta ló kún inú garawa tó tẹ̀ lé e. Ó ń fà á bọ̀, àfi bí ó ṣe rí i pé okùn ti ń sáré padà lọ, ó sì ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ta gìrì, ó fún un mọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí okùn mọ́lẹ̀. Garawa náà dúró, ó ń mì lókè orí àna rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti sùn lórí ìdúró.

Láníyọnu bi í láti ìsàlẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Nígbà tí garawa dókè tán, ó jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀. Ó ronú kan àbúrò rẹ̀ nílé, ó ro bí òun ì bá ti ṣe fẹnu ara òun sọ ikú ọkọ rẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn gan-an ni oníbúrẹ́dì jáde, ó ní ṣé wọn yóò kan omi kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òun ti ra ìyẹ̀fun sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó ní kí Láníyọnu máa gòkè bọ̀.

Nígbà tí ìyẹn jáde, tó ń nu amọ̀ lójú, ó sọ fún un lójú obìnrin náà pé: "Mo sùn. Garawa tí o bèèrè yẹn, mo ti sùn lọ kí n tó gbá a mú. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Láníyọnu wo inú kànga náà. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, láti àná ni n kò ti rí ibi tí mò ń sọ díígà sí dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ku díẹ̀ kí n sọ ọ́ sẹ́sẹ̀ ara mi. Mo rò pé ara tiyín ṣì le, ni mo ṣe dákẹ́."

Oníbúrẹ́dì bínú, ó ní òun yóò pe àwọn mìíràn, ó sì pè wọ́n. Àwọn yẹn ló kan omi. Àwọn méjèèjì lọ sílé, wọ́n sùn di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, wọ́n bá ara wọn ṣe àdéhùn: ẹni tó bá ti ṣe àṣìṣe kékeré méjì tẹ̀léra yóò sọ ọ́ jáde, wọn yóò sì jókòó sinmi.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ tí ò ń wa ọkọ̀, tí ò ń tọ́jú aláìsàn, tí ò ń dúró ti ẹ̀rọ, àárẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Iṣẹ́ tí o mọ̀ dunjú tí ọwọ́ rẹ wá ń ṣì, orúkọ rẹ tí wọ́n pè tí o kò gbọ́, òun náà ni. Má pè é ní oòrùn, má sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé òun náà ti ń retí kí o kọ́kọ́ sọ ọ́.