Ẹsẹ̀ Tó Ń Wọn Ooru

“Ẹ dúró ná, Alága,” ni Tísà wí ní ìpàdé àdúgbò. “Ẹ ní ẹ ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé fọkanáísà yìí ló ba ẹ̀rọ omi wa jẹ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má gbọ́ tẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní etí yín là. Ó dáa. Ẹ jẹ́ n ṣe àkàwé kan. Kò ní pẹ́, ebi ń pa èmi náà.

“Ọkùnrin kan wà tó ń to ẹ̀rọ. Obìnrin kan tó ń fi àpótí pa ẹyin adìyẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe nǹkan tí òun á fi máa mọ bí ooru inú àpótí ṣe rí tí òun ò bá sí nílé. Irinwó ẹyin ni. Àrùn ti pa adìyẹ ẹ̀ tán; àwọn ẹyin yẹn nìkan ló kù tó fẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀.

“Ọkùnrin yìí ra ṣíìpù kan, ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó lẹ́sẹ̀ irin wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ìwé tó bá a wá ní àwọn ẹsẹ̀ kan lè wọn ooru, àmọ́ tí ṣíìpù bá ti ń ránṣẹ́ sí fóònù, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n á máa ṣe, wọn ò ní lè wọn nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin náà kà á dé ibi tí wọ́n ti ní ‘lè wọn ooru’. Ibẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ó pa ìwé dé.

“Ó lo ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ yẹn. Ó gbé e sínú àpótí, ó wọn ooru lẹ́ẹ̀kan: méjìdínlógójì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ dákẹ́. Ojú fóònù ṣófo. Ìyẹn ò yẹ oníṣẹ́. Ó bá pàṣẹ fún ṣíìpù pé tí ẹsẹ̀ ò bá ti rí nǹkan sọ, kó máa tún èyí tó sọ gbẹ̀yìn sọ. Ojú fóònù wá dùn ún wò.

“Obìnrin náà lọ kí ọmọ ẹ̀ kú ewu ọmọ. Ó wo fóònù láàárọ̀: méjìdínlógójì. Lọ́sàn-án: méjìdínlógójì. Ó ń fi han àwọn àna ẹ̀. Gílóòbù tó ń mú ẹyin gbóná kú lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹrin ló padà dé. Ó fọwọ́ kan ẹyin, ó tutù bí òkúta odò. Fóònù ọwọ́ ẹ̀ ní méjìdínlógójì.

“Ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ ní iṣẹ́ tí ẹ̀rọ òun ń rán ò já rí. Òótọ́ ló sọ.

“Alága, ṣíìpù yẹn kì í ṣòpùrọ́. Ẹsẹ̀ tí ì bá fi gbọ́ ló fi ń ròyìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tẹ́ ẹ ti ń ròyìn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lórí Wọ́sáàpù, tòun ti fọ́tò. Ẹni tẹ́ ẹ ń ròyìn ẹ̀ rèé níwájú yín, kò tíì la ẹnu. Ẹ pa ìròyìn tì kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀, àbí kẹ́ ẹ dìde lórí àga ìdájọ́ kẹ́ ẹ máa ròyìn lọ.”

Alága ní, “Tísà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Òun ló bà á jẹ́.”

“Méjìdínlógójì,” ni Tísà wí. “Ọjọ́ wo lẹ wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn?”

Akọ̀wé ìpàdé, tó ti fẹ́ kọ ìdájọ́ sílẹ̀, ń wo bíírò ẹ̀.