Fèrè Ọkọ̀ Ọba Ìjàró

Bí ẹ bá dé ìlú Ìjàró, tí ẹ bá ẹnìkan níbi tó ti ń fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ dúró díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àgbà kan yóò fi tutọ́ sílẹ̀, tí yóò ní: "Ọwọ́ ọba ṣeé pààrọ̀, ẹnu ọba kò ṣeé yá." Àlejò tó bá gbọ́ ọ yóò kàn máa wò sùn-ùn ni. Ta ní í pààrọ̀ ọwọ́ ọba? Ta ló sì tó ẹni tó ń lọ yá ẹnu ọba lò? Àwọn kan tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ a máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ adé ni, ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ sìtíárìn ni, àti ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Dúródọlá, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ògiri ààfin.

Ọkọ̀ kan wà ní ààfin Ìjàró nígbà náà, dúdú, gígùn, tí kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ọba kan ló fi í sílẹ̀ fún ọba kejì. Sìtíárìn rẹ̀ ni ìlú ń pè ní ọwọ́ ọba, fèrè rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹnu ọba. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló ń wà á, nítorí èèwọ̀ ni kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ọwọ́ ọba. Awakọ̀ kan dán an wò rí. Apá rẹ̀ rọ, ó sì rọ títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ. Ìdílé Dúródọlá nìkan ló lè fi irinṣẹ́ kàn án, nítorí bàbá rẹ̀ ló so gbogbo wáyà ọkọ̀ náà. Àwọn náà sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ funfun wé ọwọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Ìjàró, Kábíyèsí yóò gbọ́ tọ̀tún, yóò gbọ́ tòsì, yóò sì dákẹ́. Tó bá di ọjọ́ ọjà, yóò wa ọkọ̀ lọ sórí ilẹ̀ náà. Ẹni tí imú ọkọ̀ bá dojú kọ nígbà tí fèrè bá ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kúkúrú kúkúrú, òun ló ni ilẹ̀. Ẹjọ́ parí nìyẹn. Igbe kan tún wà tí fèrè náà ń ké, gígùn, tí kò já. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìlú gbọ́ ọ rí, lọ́jọ́ tí ọba àná wàjà. Dúródọlá wà ní ọmọdé nígbà náà, ó rí i bí sípánà ṣe bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ta ló tẹ fèrè lọ́jọ́ náà? Ìlú kò bèèrè.

Dúródọlá ní ẹjọ́ tirẹ̀ nílẹ̀. Oko bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí wọ́n sin bàbá náà sí, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ilá, ni Olóyè Ajíbóyè tó jẹ́ Ọ̀tún Ọba ní ti ìdílé òun ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fà á. Kábíyèsí wá pe ìyá àtọmọ, ó ní, "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ní ọjà tó ń bọ̀, ẹnu mi á dé Ìsàlẹ̀-Odò." Ọjà náà pé, ọkọ̀ ọba kò jáde. Ọjà kejì pé, kò jáde. Wọ́n ní ó rẹ Kábíyèsí díẹ̀.

Nígbà tí ọjà kẹta ku ọ̀la, Ọ̀tún ránṣẹ́ pe Dúródọlá sí ààfin. Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ dúdú náà, ohun róbótó kan tí wọ́n fi aṣọ wé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá." Dúródọlá kúnlẹ̀.

"Dìde, dìde. Sìtíárìn tuntun rèé. Kábíyèsí ní ti àtijọ́ ti ń wúwo jù fún òun. Yọ ọ́, fi èyí sí i. Ṣùgbọ́n o, gbogbo bọ́tìnì tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí fi sára ti àtijọ́, ti fèrè, ti iná, gbogbo rẹ̀ pátá ni kí o gbé sórí tuntun. Bó ṣe ń ké tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kó máa ké. Bó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ọwọ́ rẹ ni màá ti bèèrè."

"Bàbá, ṣé mo lè gbọ́ ọ lẹ́nu Kábíyèsí? Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí láìkọ́kọ́ bi mí pé ìyá mi ńkọ́."

"Kábíyèsí ń sinmi."

Dúródọlá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Obì tí Kábíyèsí bù jẹ kù níwájú ibi tí wọ́n ń jókòó sí, ó ti gbẹ, kòkòrò ti lu ú. Ọba tí kì í jẹ́ kí obì òun di ọjọ́ kejì! Ó gbójú sókè. Lójú fèrèsé òkè, Olorì àgbà dúró, ó ń wò ó. Irun rẹ̀ wà ní títú dé èjìká. Olorì fa kọ́tìnì.

Olorì kì í tú irun sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà tí olówó orí rẹ̀ wà láàyè. Dúródọlá ti mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀, kò sì gbọdọ̀ fẹnu sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé ọba kò sí ní Ìjàró, òun ni wọn yóò ní ó pa á. Ó tún wá mọ ìkejì: ọ̀la ni ọjà, ibi tí ẹnu ọba sì ń lọ lọ́la, Ìsàlẹ̀-Odò ni. Kọ́tìnì á bo ẹni tó bá jókòó nínú ọkọ̀. Ìlú á gbọ́ fèrè, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "èèwọ̀ ńkọ́?"

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ni èèwọ̀ sọ. Ọwọ́ náà lo fẹ́ yọ yẹn. Níbo lo ti gbọ́ pé èèwọ̀ dárúkọ ẹnu?"

Ẹ ò rí i bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n gbẹ́ kòtò ara rẹ̀.

Dúródọlá wé ọwọ́ rẹ̀ ní funfun. Ó tú orí bátìrì, ó gbé bátìrì sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí sìtíárìn kọjú sí kí táyà má baà wọ́, ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín, ó sì fa sìtíárìn àtijọ́ yọ. Ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó wé e ní funfun, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn bọ́tìnì níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sórí tuntun, ó ń so wáyà wọn ní àwọ̀ sí àwọ̀.

Ó wá ku wáyà pupa tín-ín-rín tó ń gbé ohùn lọ sí fèrè. Ó mú un dání títí. Bó bá fi eyín gé e péré, fèrè kò ní ké lọ́la, oko bàbá rẹ̀ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀tún. Ìbínú gbé e, ó sì wù ú ṣe, kí a má purọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó sùn sínú oko náà ló kọ́ ọ pé wáyà tí kì í ṣe tìrẹ, so ó bí ẹni pé olówó rẹ̀ dúró tì ọ́. Àti pé ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gé ahọ́n ọba? Ó so ó, ó sì fún un dáadáa.

Fèrè kùn. Ó rọra kùn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Kí ló ké yẹn?" Ọ̀tún bèèrè.

"Fèrè ni, Bàbá."

"O ti so bátìrì ni?"

"Bátìrì ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín yẹn."

Ọ̀tún wo ilẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Agbára tó ṣẹ́kù nínú wáyà ni," ó wí. Ọ̀tún náà ti di rìwáyà lójijì!

Nígbà tí ó so bátìrì padà, Ọ̀tún ní kó dán an wò. Dúródọlá fi ọwọ́ tó wé ní funfun tẹ̀ ẹ́, fèrè sì dún ketekete bó ṣe ń dún láyé bàbá rẹ̀.

"Ọwọ́ ti yàtọ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹnu kò yàtọ̀ o."

"Ẹni tó bá tẹ ẹnu ló lẹ́nu," ni Ọ̀tún fi dá a lóhùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ dúró létí oko ní Ìsàlẹ̀-Odò. Ọyẹ́ mú, ekuru sì bo oòrùn. Lábẹ́ igi ọsàn tó wà lódìkejì, Ládélé, àkọ́bí Ọ̀tún, àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti wọ aṣọ àríyá. Àwọn ará ìlú pọ̀ létí ọ̀nà.

"Àbẹ̀kẹ́," ìyá rẹ̀ fi oríkì pè é jẹ́ẹ́, "ojú rẹ kò rí bó ṣe ń rí."

"Màmá, lánàá, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tí wọ́n máa fi gba oko yìí lọ́wọ́ wa."

Ìyá náà kò bèèrè ohun tó jẹ́. Ó wo ibojì ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ṣe é bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kò burú."

Ọkọ̀ ọba yọ. Ohun tó kọ́kọ́ ba Dúródọlá lẹ́rù ni pé kò gbọ́ ọ kó tó rí i. Kábíyèsí kì í gba ojú ọjà kọjá láìfi fèrè kí ọjà, fèrè kò sì tíì dún. Inú ekuru ni ọkọ̀ náà ti wá, jẹ́ẹ́, iná iwájú rẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Gbogbo ènìyàn wólẹ̀. "Kábíyèsí o!" Ọkọ̀ yí, ó sì dúró. Imú rẹ̀ dojú kọ Ládélé gan-an.

Gbogbo ibẹ̀ ń retí fèrè. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ni ìró àtẹ́lẹwọ́, pà, pà, pà, bí ẹni tó ń gbá nǹkan tí kò dáhùn.

Fèrè wá bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ké ẹyọ kan, ó gùn, kò já. Ìró ọwọ́ dákẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì, fèrè kò dákẹ́. Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ gbé orí sókè. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà. Ìyá Dúródọlá tú gèlè rẹ̀. Ládélé àti àwọn ará ilé rẹ̀ dìde lórí ẹní, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n sì sá wọgbó.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ọ̀tún já jáde nínú agbádá ọba, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

"Èmi kọ́!" ó kígbe. "Ẹ wò ó! N ò fọwọ́ kàn án!"

Bàbá arúgbó tó ṣí fìlà wò ó láti òkè délẹ̀. "A rí i pé ìwọ kọ́," ó ní. "Kábíyèsí dà?"

Ọ̀tún ń fojú wá Dúródọlá láàárín èrò. Fèrè ń ké. "Dúródọlá!" ó pariwo. "Wá pa á! Wá bá mi pa á lẹ́nu mọ́!"

Dúródọlá wé ọwọ́ rẹ̀, ó lọ síwájú ọkọ̀, ó dúró síbi imú rẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó tú orí bátìrì kan, ó tú ìkejì. Ó gbé bátìrì jáde, ó gbé e sórí koríko lójú gbogbo wọn. Fèrè ń ké. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n àánú ọba náà wá ṣe é ju ẹ̀rù lọ. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti fi í sínú yàrá, tí kò sẹ́ni tó sunkún fún un? Ó pa ìdérí dé. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí," ó ní, "a ti gbọ́. Ilé ti gbọ́, oko ti gbọ́. Erin ti wó."

Fèrè dákẹ́.

Bátìrì wà lórí koríko, ọwọ́ Ọ̀tún ṣì wà lókè, Dúródọlá sì wà lórí eékún níwájú imú ọkọ̀, níbi tí Ọ̀tún fúnra rẹ̀ pè é sí.

Fèrè tún ké. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kúkúrú kúkúrú.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ sunkún ọba tán kó tó sunkún ayọ̀ oko wọn. Ọ̀tún kò sùn ní Ìjàró lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì padà wá. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè, kò lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Dúródọlá dá sìtíárìn àtijọ́ padà sáyè rẹ̀ fún ọba tó jẹ lẹ́yìn náà. Èyí tuntun, wọ́n so ó mọ́ igi ọsàn ní Ìsàlẹ̀-Odò, ìtàkùn sì ti bò ó, ọmọdé kì í fi í ṣeré.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ìjàró, ẹ má bèèrè ọba tí wọ́n gé lọ́wọ́ mọ́. Ẹ kàn wo ẹni tó sọ ọ́. Yóò yí etí sọ́nà ààfin, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọba ṣeé pààrọ̀. Ẹnu ọba kò ṣeé yá.