Aago Tí Dẹ́rẹ́bà Kò Gbà Gbọ́

Dẹ́rẹ́bà kan wà tí ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wa lọ́rì, tí kò sì gba aago kankan gbọ́. Má dá a lẹ́bi. Aago epo inú lọ́rì rẹ̀ ń sọ pé epo kún láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti kú kí wọ́n tó bí àkọ́bí rẹ̀. Igi ni ó fi ń wọn epo: yóò tì í bọ inú táǹkì, yóò fà á jáde, yóò wo ibi tí ó tutù dé. Bí ọkọ̀ bá ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí rẹ̀ tí ó fi jókòó ni yóò sọ fún un. "Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ wà, ìdí ló fi ń wà á," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Kò sì dojú ọkọ̀ dé rí.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ tí ó ń bá kó ẹrù ní Ìlọrin fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí bàálù kékeré wọn gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ní Àkúrẹ́. Ìjókòó mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin ló ń wà á, ẹgbẹ́ àkọ́bí dẹ́rẹ́bà.

Kí wọ́n tó gbéra, awabàálù náà ti igi bọ inú táǹkì, ó fà á jáde, ó wò ó. Inú dẹ́rẹ́bà dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

"Ìyá Ìbídùn, ṣé o rí i? Àwọn náà ò gba aago gbọ́!"

"Aago epo nìkan ni, Bàbá," ni awabàálù wí. "Àwọn tó kù, mo gbà wọ́n gbọ́."

Ó fi dẹ́rẹ́bà jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì fi nǹkan hàn án. Sítíárìn méjì ló wà, ọ̀kan níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so pọ̀: bí ọ̀kan bá yí, èkejì á yí. Bí èèyàn bá tì í síwájú, imú bàálù á lọ sílẹ̀. Bí ó bá fà á mọ́ra, imú á gbé sókè. Bí ó bá yí i, apá kan á rẹlẹ̀. Ohun méjì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀ kì í ṣe bíréèkì, kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń fún ọkọ̀ níná. Imú bàálù ni wọ́n ń darí sọ́tùn-ún àti sósì. Aago kan ń sọ bí wọ́n ṣe ga tó, òmíràn ń sọ eré tí wọ́n ń sá. Láàárín gbogbo wọn ni ọ̀kan wà tí òkè rẹ̀ rí bí sánmà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ilẹ̀, tí ìlà funfun sì là wọ́n láàárín.

"Bí apá wa bá rẹlẹ̀, ìlà yìí á wọ́," ni ó wí.

"Ọmọ mi, ìdí mi á ti sọ fún mi kí ìlà tó jí."

"Bàbá Ìbídùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ráyè ṣiṣẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n dé òkè, tí ojú ọ̀run mọ́, awabàálù ní kí ó di sítíárìn mú díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ láti fún un níná. Imú bàálù fì sọ́tùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ di gèlè mú. Dẹ́rẹ́bà ní afẹ́fẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n súnmọ́ àwọn òkè Èkìtì, ìkùukùu bò wọ́n. Funfun níwájú, funfun lẹ́yìn. Awabàálù rọra yí sósì, ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti yẹ òjò, ó sì mú apá bàálù padà gún. Ìgbà tí apá gún yìí gan-an ni ìdí dẹ́rẹ́bà sọ fún un pé wọ́n ń tẹ̀ sọ́tùn-ún.

"Ọmọ mi, a ń tẹ̀ o!"

"A ò tẹ̀, Bàbá. Ẹ wo ìlà."

"Ìlà wo? À ń ṣubú, o ní kí n wo ìlà!"

Ó gbá sítíárìn mú, ó yí i sósì. Apá òsì rẹlẹ̀, imú sì dorí kodò. Ó rí i pé ọmọ náà ń fà á padà. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, ó túbọ̀ dì í mú. Ọwọ́ tó ti yí lọ́rì sìmẹ́ńtì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọwọ́ tí èèyàn ń bá jìjàkadì. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ ìkùukùu yẹn, òkúta ni. Bí kò bá tú ọwọ́ ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kú.

Awabàálù kò pariwo.

"Bàbá, ọwọ́ mi dí. Ẹ bá mi wo aago gíga yẹn. Kí ló ń sọ?"

Dẹ́rẹ́bà wò ó. Aago náà ń yí padà sẹ́yìn bí ẹni tí ajá ń lé.

"Ó... ó ń wálẹ̀."

"Aago eré ńkọ́?"

"Ó ń pọ̀ sí i."

"Ìdí yín ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó sọ pé à ń já wálẹ̀?"

Dẹ́rẹ́bà fetí sí ìdí rẹ̀. Ìdí jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó wà lórí àga nílé, kò gbọ́, kò rí. Ó wo ìlà funfun, òun náà ti wọ́: aago mẹ́ta ń jẹ́rìí ohun kan náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìdí ara rẹ̀ bà á lẹ́rù.

"Bàbá Ìbídùn!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n!"

Ó tú ọwọ́. Ó ki méjèèjì bọ abẹ́ itan, kí wọ́n má baà tún lọ. Awabàálù dín iná kù, ó kọ́kọ́ mú apá gún, lẹ́yìn náà ni ó rọra gbé imú sókè. Ìlà funfun gún régé. Ìdí dẹ́rẹ́bà ṣì ń pariwo pé wọ́n ń ṣubú. Ó jẹ́ kí ó máa pariwo.

Nígbà tí wọ́n já síta, oòrùn ń ràn, ilẹ̀ sì tẹ́ gẹ́lẹ́ bí ìlà ṣe wí. Òkè kan dúró lápá òsì wọn, ó súnmọ́ débi pé ìyàwó rẹ̀ rí àwọn ewúrẹ́ orí rẹ̀, wọ́n ń jẹko wọn.

Ní Àkúrẹ́, bí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ṣe kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ náà. Ọmọ náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ dìde, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Jẹ́ kí n dúpẹ́. Mò ń bá ọ jà, o sì ń sọ òótọ́ fún mi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn?"

"Èmi tí mo ti ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

Kò tíì dìde. Ó kàn yí orí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún òun náà.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì de apá rẹ, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó ní ó ga. O ní irọ́ ni, o kò mọ nǹkan kan lára. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ni ó rí. O bínú jáde. Ara tí kò sọ nǹkan kan lè má mọ nǹkan kan ni. Nọ́ọ̀sì yẹn ì bá dákẹ́, kí ó gba owó oṣù rẹ̀, kí ó lọ sílé. Ó yàn láti sọ fún ọ. Olóore rẹ ni. Padà lọ bá a lówúrọ̀ ọ̀la. Kò pọn dandan kí o dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n dúpẹ́ kí o tó bèèrè oògùn. Ní ti iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ, èmi àti ìyàwó rẹ ti sọ ìyẹn parí.