Ọmọ Àfòpiná Tí Kò Fẹ́ Ewé Kíkorò

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún àgbo. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí òrùlé, orí Àfòpiná pupa ló bà lé.

Àfòpiná kì í jẹun mọ́ tó bá ti hu ìyẹ́. Ohun tó jẹ nígbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò onírun ló ń gbé e dalẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ewé kíkorò tọ́mọ, kí ara wọn lè korò lẹ́nu Àdán tó ń pa wọ́n jẹ. Bí Àdán bá dé, wọ́n á kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àdán, yà lọ o.
*Ara mi korò.*
Ewé ni mo jẹ dàgbà.
*Ara mi korò.*

Àdán á sì yà lọ.

Àyọ̀ká, àbígbẹ̀yìn ìyá kan, kò fẹ́ ewé náà. Ìyá gbé e wá láàárọ̀, ó sunkún. Ó gbé e wá lọ́sàn-án, ó tu ú dànù. Nígbà tó gbé e wá lálẹ́, ọmọ ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ò fẹ́ràn mi ni?" Àánú ṣe ìyá, ó fún un ní ewé ọ̀dùnkún.

Àyọ̀ká hu ìyẹ́ pupa bíi tiwọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àdán dé, Àyọ̀ká kọrin. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àdán bù ú jẹ. Ó dùn.

Àdán ní, "Irọ́ lorin yìí látọjọ́ yìí."

Ìyá kọrin, Àdán bù ú jẹ, ó korò, ó tu ú dànù. Ẹ̀gbọ́n kọrin, ó bù ú jẹ, ó tu ú dànù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbogbo ilé. Òótọ́ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá tu lẹ́nu kì í fò mọ́.

Ẹ má gbè é mọ́, ẹ̀yin ọmọ. Kò ku ẹni tí yóò lé orin náà.