Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àtè Orí Igi Ọ̀pọ̀tọ́

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé orí Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ wíwò ju oúnjẹ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ kan, ó rí ọdẹ tó ń fi àtè ra ẹ̀ka igi ọ̀pọ̀tọ́. Ẹ mọ̀ pé ẹyẹ tó bá bà lé àtè, kò tún fò mọ́. Àyà Ọ̀kẹ́rẹ́ já.

Kò pẹ́, agbo ẹ̀ga dé tariwo-tariwo. Ọ̀kẹ́rẹ́ ké pé, "Ẹ má bà síbẹ̀!"

Ìyá Ẹ̀ga, aṣáájú wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ahun yìí! Ṣé o fẹ́ dá èso ọ̀pọ̀tọ́ yìí jẹ ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀ga oko, ẹ má bà o,
— Fìrìfìrì!
Àtè ń bẹ lórí ẹ̀ka,
— Fìrìfìrì!
Ọdẹ fẹ́ kó yín lọ,
— Fìrìfìrì!

Kàkà kí wọ́n padà, ṣe ni wọ́n ń jó sí orin náà bọ̀ wá sórí igi!

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ fò, ó fi ìrù ara rẹ̀ lu àtè. Ó lẹ̀ pinpin.

"Yéè! Òótọ́ ló ń sọ!" Ìyá Ẹ̀ga ṣẹ́rí padà lójú òfurufú.

Gbogbo wọn fi ẹnu bu yanrìn, wọ́n dà á sórí àtè títí kò fi lẹ̀ mọ́, wọ́n sì fa Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ.

"Ọ̀rẹ́ wa, foríjì wá," ni Ìyá Ẹ̀ga wí.

Nígbà tí ọdẹ padà dé, irun ìrù díẹ̀ ló bá níbẹ̀. Nínú igbó lọ́hùn-ún, àwọn ẹ̀ga ń fò yí Ọ̀kẹ́rẹ́ ká, òun náà ń rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ẹ̀ já bọ́ lórí igi.

Bí mo bá parọ́, kí ẹyẹ má kọrin lórí òrùlé wa lọ́la. Ṣé wọ́n á kọrin?
— Wọ́n á kọrin!