Bí Ayàwòrán Ṣe Mú Láoyè Kọjú sí Ìyàwó Rẹ̀

Nígbà tí fọ́tò yíyà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Aràrọ̀mí, kò sí tọkọtaya tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í yà sí ọ̀dọ̀ Akínwándé ayàwòrán. Ìgbéyàwó tí kò bá ní àwòrán lára ògiri, àwọn aládùúgbò á máa ṣiyè méjì pé bóyá ló wáyé. Akínwándé kì í kánjú. Á gbé àgbọ̀n ọkọ sókè, á ní kí ìyàwó káwọ́ lé itan, kí ó tó wọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá àti Láoyè yà sí ní ọ̀sán ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Aṣọ funfun ara ìyàwó ń dán, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Láti àárọ̀ ni Láoyè kò ti wo ojú rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ọwọ́ ọkùnrin náà tutù bí omi àmù, fèrèsé ló sì ń wò. Ìyá Láoyè pàápàá kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní òtútù ló mú un díẹ̀. Ìyá wo ni òtútù díẹ̀ á dá dúró sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àkọ́bí rẹ̀?

Ìyá Ẹjìgbò, ẹ̀gbọ́n bàbá Fẹ̀hìntọlá tó bá wọn wá, bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń tún aṣọ ìyàwó ṣe, ó sì sọ ọ́ sí i létí pé: "Fẹ̀hìn, ṣé ọkùnrin yìí kò ní ẹlòmíràn lọ́kàn báyìí? Ìyá rẹ̀ kò wá, òun náà kò sì wò ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má jẹ́ kó gbọ́." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Akínwándé ní kí Láoyè jókòó, kí ìyàwó dúró ti èjìká rẹ̀. Ó wọ abẹ́ aṣọ, ó tún jáde. "Ọkọ ìyàwó, ibí ni kí o máa wò." Láoyè wò ó, kò pẹ́ ni ojú rẹ̀ tún bá ẹnu ọ̀nà lọ. Akínwándé yí wọn padà, ó ní kí ìyàwó jókòó, kí ọkọ dúró. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. "Ìyàwó, tújú ká díẹ̀." Fẹ̀hìntọlá fipá fi eyín hàn. Ó ń rò ó pé bí yóò ṣe máa rí títí ọjọ́ alẹ́ òun nìyí, ilé ọkọ tí ọkọ kò ti ní wojú ẹni.

Akínwándé bọ́ síwájú wọn. Ó ti ya ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ojú ń tì, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìtìjú.

"N kò lè ya èyí," ló wí. "Bí mo bá yà á, ẹkún ni ẹ ó gbé kọ́ sára ògiri. Ẹ dìde. Ẹ má wo kámẹ́rà mọ́, ẹ kọjú síra yín."

"Irú kí nìyí?" ni Ìyá Ẹjìgbò fi ohùn líle béèrè. "Ta ló ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ya fọ́tò?"

"Ẹ fún mi láyè, ìyá. Kò tíì kan fọ́tò."

Wọ́n kọjú síra. Bàtà ara rẹ̀ ni Láoyè kọ́kọ́ ń wò. Fẹ̀hìntọlá kò mójú kúrò lára rẹ̀ títí tó fi gbójú sókè. Ohun tó rí níbẹ̀ kọ́ ló ti ń bẹ̀rù. Ojú náà pọ́n, omi kún un, ẹ̀rù sì ba ẹni tó ni ín ju òun lọ.

"Kí ló ṣe yín? Ẹ sọ fún mi," ni ìyàwó wí fún ọkọ rẹ̀.

Omijé Láoyè bọ́. "Ìyá mi ni. Láti àná ni wọn kò ti lè gbórí sókè. Wọ́n mú mi búra pé n kò ní sọ fún ọ. Wọ́n ní bí aráyé bá gbọ́ pé àwọn dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ tí o wọlé, wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ kò dára, orúkọ burúkú ni wọn ó sì fi kí ọ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá wojú rẹ, n kò ní lè pa á mọ́."

Ìyá Ẹjìgbò káwọ́ lérí. Fẹ̀hìntọlá ti ká ìrù aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. "Mọ́tò tó gbé wa wá ṣì wà níta. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù."

"Ṣùgbọ́n, Fẹ̀hìn, ohun tí ayé máa sọ..."

"Kí wọ́n máa sọ ọ́, màmá."

Nílé Láoyè, àwọn àlejò ń jẹun ní àgbàlá, ìyá rẹ̀ sì dá dùbúlẹ̀ ní yàrá inú. Bó ti rí aṣọ funfun, ó kọjú sí ògiri. Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ tì í. "Màmá, ẹ yíjú sí mi. Ẹ̀yin ni mo wá kí." Nígbà tí ó yíjú, àwọn méjèèjì sunkún, kí Láoyè tó gbé ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò.

Dókítà ní bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀pa kì bá ti bóró mọ́. Ara ìyá náà yá díẹ̀díẹ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni àwọn àgbà Aràrọ̀mí ti gbọ́ ọ, pé ẹnu òun àti ti ọmọ òun pa á mọ́, ojú kò lè bá wọn pa á mọ́. Ohun tó fà á nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ bá dí láàárín wọn pé: ojú lọ̀rọ̀ wà.